Táńkì Funfun Tí Mo Kùn fún Màmá Kúlà

Ká ní ọkàn ṣeé fi ọṣẹ fọ̀ ni, ǹ bá ti fọ ọjọ́ Sọ́ńdè kan kúrò nínú tèmi tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n kò ṣeé fọ̀. Ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀, pupa lára funfun, gbogbo ìgbà tí mo bá sì gun máṣíìnì mi ni mo máa ń fojú kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Onítìjú ni mí. Kì í ṣe ìtìjú tí àwọn ọmọbìnrin ń ṣe tí wọ́n bá rí ọkùnrin o, tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni mò ń gbé ní Benin, ní àdúgbò kan lẹ́yìn Airport Road. A jọ ń ta irú, edé àti ẹ̀gúsí ní ọjà Ekiosa. Iṣẹ́ ẹnu sì ni iṣẹ́ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ tà gbọ́dọ̀ pe èèyàn: "Kọ́sítọ́mà, ẹ yà síbí o! Màmá mi, ẹ wo edé tuntun!" Èmi ò lè pe ẹnikẹ́ni. Oníbàárà á dúró níwájú mi, á wo edé, á wò mí. Èmi náà á wo edé. Tó bá yá, á bá tirẹ̀ lọ. Àǹtí mi máa ń sọ pé, "Ká ní edé yìí lẹ́nu ni, ì bá ti ta ara rẹ̀ jù ọ́ lọ." Ìwé mi ò kọjá Jẹ́ẹ́ẹ̀sì Tuu, nítorí náà kò sí ọ́fíìsì kankan tó ń retí mi níbì kan.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe láìsọ̀rọ̀ ni kí n gun máṣíìnì. Bàbá mi ló kọ́ mi. Ekiadolor ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń dáko ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, máṣíìnì yìí ni wọ́n sì fi ń kó ẹ̀gẹ́ jáde láti oko. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ní, "Gbà, máa gùn ún. Òun náà kì í sọ̀rọ̀ àfi tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́." Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ara rẹ̀ ni kò dára. Omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ táńkì epo rẹ̀ títí ó fi dípẹtà, tó rí gbágungbàgun bí awọ ọ̀pọ̀lọ́.

Ìyá kan wà ní òpópónà wa tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá Kúlà. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n. Oúnjẹ ni wọ́n ń sè, wọ́n á kó o sínú kúlà ńláńlá, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ní Airport Road lọ́sàn-án. Ẹni tó ń bá wọn gbé e ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àǹtí mi gbọ́, ó sáré lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa mi. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun. Iṣẹ́ tí èèyàn á kàn gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní, "Ẹ kú ọ̀sán o," á sì yí padà! Ẹni tí ebi ń pa kì í dá èèyàn dúró fún ìtàkúrọ̀sọ. Ó dà bíi pé èmi ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán iṣẹ́ náà bí aṣọ.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, Màmá Kúlà wá wo máṣíìnì náà. Wọ́n yí i po bí ẹni tó fẹ́ dúnàádúrà ewúrẹ́. Wọ́n fi ìka kan táńkì, ìpẹtà sì bọ́ sílẹ̀ fọ́ọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èyí lo fẹ́ fi gbé ìrẹsì mi? Tí ìpẹtà bá bọ́ sínú ọbẹ̀ ńkọ́?"

"Ó máa kùn ún, Mà," Àǹtí mi bá mi fèsì. "Ọwọ́ rẹ̀ dáa gan-an."

"Funfun ni kó kùn ún o. Funfun ni gbogbo kúlà mi, funfun ni aṣọ tí mo fi ń sin Ọlọ́run mi. Mọ́ńdè ni màá padà wá wò ó. Tó bá mọ́, ó ti níṣẹ́. Tí kò bá mọ́, ọmọ àbúrò ọkọ mi ń wá iṣẹ́."

Ìjọ aláṣọ funfun ni Màmá Kúlà ń lọ. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n: tí wọ́n bá ti wọ sùtánà, wọn kì í wọ bàtà, dúdú àti pupa kò sì gbọdọ̀ kan ara wọn. Ti Màmá Kúlà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjà, tí wọ́n bá fi ọ̀rá pupa di ẹrù fún wọn, wọ́n á ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n fi òmíràn dì í. Gbogbo òpópónà ló mọ̀. Èmi náà mọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó yẹ kí n gbé táńkì náà lọ bá Osaro. Osaro ni ọmọ Benin tó ń kun mọ́tò lẹ́yìn ògiri ilé wa. Kò ju kí n yọjú lórí ògiri, kí n béèrè pé, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣùgbọ́n Osaro máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ sì dára, ìyẹn nìkan ti tó kí n má lè wo apá ibẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé mo ti ń wò ó láti ojú wíńdò ọjọ́ ti pẹ́, pé ohun tí èèyàn bá ń rí lójoojúmọ́, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Lójoojúmọ́ náà ni mò ń rí bàálù tó ń gbéra ní pápákọ̀ òfurufú wa. Mi ò tíì wà á.

Ní ọjọ́ Fúráídeè, mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ọ̀dà ní Ekiosa.

"My sister, wetin you wan paint?" ló bi mí.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì júwe ohun tó rí roboto.

"Pot? The one wey people dey plant flower?"

Kí n ṣàlàyé pé kì í ṣe ìkòkò, pé táńkì epo ni, pé obìnrin ni mí ṣùgbọ́n èmi ni mo ni máṣíìnì, á bi mí pé báwo, àwọn tó dúró á yíjú wò mí. Mo kàn mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni, ìkòkò ni.

"Okay. If na iron, rub this red one first make rust no come back. Then put the white on top."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ta ọ̀dà ilé fún mi, irú èyí tí epo bẹntiróòlù máa ń yọ́ bí iyọ̀ inú omi. Kò tàn mí. Ọ̀dà ìkòkò òdòdó ni mo gbà pé mo wá rà, ó sì tà á fún mi.

Mo wo agolo pupa náà. Mo rántí Màmá Kúlà. Ọkàn mi ní, "Dá a padà." Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá ọjà padà gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Mo gbé e, mo ń lọ. Lójú ọ̀nà ni mo ti wá ọ̀rọ̀ tu ara mi nínú: ohun tó bá wà lábẹ́, ta ló ń rí i? Ọlọ́run ló ń wo abẹ́. Òde ni Màmá Kúlà ń wò.

Mo tú táńkì náà kúrò lára máṣíìnì. Mo da epo tó wà nínú rẹ̀ sínú ike kan tí mo bá lẹ́yìn ilé. Níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé ike tí Àǹtí mi fi ń wọn ẹ̀gúsí ni? Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí oníbàárà ṣì ń gbé ẹ̀gúsí wa sí imú, tí wọ́n á wò wá, tí wọ́n á rọra gbé e kalẹ̀. "Ẹ̀gúsí mi yìí," Àǹtí mi á wí, "ẹni tó bá jẹ ẹ́ á sáré dé Ekiadolor láìwọ mọ́tò." Mo fi sáńpépà ha ìpẹtà títí èékánná mi fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi wáyà gbé táńkì kọ́ sórí igi gúáfà, mo kun pupa sí i.

Pupa náà kọ̀, kò gbẹ. Òjò ti ń ṣú, atẹ́gùn tutù. Adìẹ aládùúgbò wa fò sórí igi náà, ìyẹ́ rẹ̀ kan bọ́, ó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi ìka kàn án, ìka mi pọ́n. Ẹni tó gbọ́n á dúró. Èmi wo ojú ọ̀run, mo ronú kan Mọ́ńdè, mo sì ronú kan ọmọ àbúrò ọkọ Màmá Kúlà, ni mo bá kun funfun lé e lórí bẹ́ẹ̀. Ó di àwọ̀ ètè ọmọ ìkókó. Mo tún un kùn, ó ṣì ń pọ́n. Mo tún un kùn. Ìgbà tí agolo tán, tí ọ̀dà ti nípọn lára rẹ̀ bí ìpara lójú ìyàwó ọ̀ṣìngín, ló tó gbà láti funfun. Ìyẹ́ adìẹ wà nínú rẹ̀ níbì kan títí dòní.

Òjò dé, mo gbé e wọ yàrá, mo gbé e sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àǹtí mi di imú. "Ṣé o ti fẹ́ táńkì yìí níyàwó ni àbí òun ló fẹ́ ọ? Ẹ gbé ara yín jáde o, kí ẹ má fi òórùn pa mí!" Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè mọ́, ẹ wò ó, ó funfun bí ẹyin. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kò lẹ̀ mọ́ mi. Mo dúró, mo ń wò ó. Mi ò tíì fi ọwọ́ ara mi ṣe ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, n ò ní purọ́.

Àǹtí mi fẹ́ gba ike rẹ̀, nítorí náà mo dè é padà mọ́ máṣíìnì, mo da epo sínú rẹ̀, mo bu èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì lé e títí ó fi kún dé ẹnu. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó máa ń wà nínú ìdérí rẹ̀ ni mi ò rí mọ́. Mo ti yọ ọ́ kí ọ̀dà má bàa kàn án, mo wá a títí. Mo ní kò burú, Mọ́ńdè ṣì jìnnà, màá wá òmíràn rà.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Màmá Kúlà fi wọlé. Sùtánà wọn funfun báláú, fìlà funfun, ẹsẹ̀ lásán nínú ẹrọ̀fọ̀, àbẹ́là lọ́wọ́.

"Mọ́tò mi kọ̀, kò jí!" ni wọ́n ń pariwo. "Lónìí! Lónìí tí wọ́n fẹ́ fi òróró yàn mí! Níbo lọmọ yẹn wà?"

Gbogbo wa la mọ̀ nípa òróró yìí. Ọdún mélòó kan ni wọ́n ti ń retí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ nínú ìjọ ti gbà á, àwọn tí wọ́n dé lẹ́yìn wọn ti gbà á. Oúnjẹ ìkórè tí wọ́n ti sè fún ìjọ náà lọ́fẹ̀ẹ́, báńkì kan á jẹ ẹ́ fún ọdún kan. Ní ọdún yìí, orúkọ wọn wá jáde.

"Ó wà ńbí, Mà!" Àǹtí mi ti dáhùn. "Ẹ wo máṣíìnì, Mà, ẹ wò ó bó ṣe mọ́!"

Màmá Kúlà dúró. Wọ́n wò ó. "Háà. Ó mọ́ lóòótọ́. Ọmọ, gbé mi. Tí o bá gbé mi débẹ̀ kí wọ́n tó pe orúkọ mi, iṣẹ́ ti di tìrẹ, kò di Mọ́ńdè mọ́."

Mo fẹ́ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kò tíì gbẹ dénú." Ọ̀rọ̀ yẹn ò pọ̀. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ jókòó, Mà."

Màmá Kúlà kì í ṣe èèyàn kékeré. Wọ́n jókòó, máṣíìnì sọ̀rọ̀. A ò tíì jáde ní òpópónà wa tí ẹsẹ̀ wọn tí kò ní bàtà fi kan páìpù tí èéfín ń gbà jáde. "Jésù!" Wọ́n ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, wọn ò sì sọ wọ́n kalẹ̀ mọ́. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan nǹkan, ọwọ́ nìkan ló kù fún un. Nígbà tí a dé ibi tí òjò ti bo kòtò lójú títì, mo tẹ búréèkì. Epo ta jáde lẹ́nu táńkì tí kò ní rọ́bà, ó ń ṣàn wálẹ̀. Màmá Kúlà ya lu ẹ̀yìn mi, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì kọjá ìbàdí mi, wọ́n sì gbá táńkì mú tọ̀túntòsì.

Mo mọ̀ ọ́n lára ní itan mi. Ẹ mọ awọ tó máa ń wà lójú ẹ̀kọ gbígbóná tó bá ti ń tutù, tí èèyàn bá fi ṣíbí kàn án, tó á sún lápapọ̀? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni funfun náà sún, ọwọ́ wọn sì wọ inú pupa.

Mi ò lè bojú wẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń nu òógùn ojú. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń tún fìlà ṣe, wọ́n ń fi ọwọ́ ra àyà sùtánà kó lè nà dáadáa. Mo kàn ń gbàdúrà nínú ọkàn mi pé kó má jẹ́ ohun tí mo rò. Láàárín àdúrà náà, ẹ foríjì mí, mo ń fi bí màá ṣe máa kí àwọn ará báńkì dánra wò.

A dé ẹnu ọ̀nà ìjọ. Obìnrin tó dúró níbẹ̀ wo Màmá Kúlà, ó ju ìwé orin ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Ẹ̀jẹ̀! Ẹ gbà wá o, ẹ̀jẹ̀!"

Wọ́n sáré jáde. Ẹnìkan ń wọ́n omi, ẹnìkan ń mi agogo, ẹnìkan ń béèrè pé mọ́tò wo ló gbá wọn. Màmá Kúlà wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọ́n figbe ta. Wọ́n fọwọ́ kan orí, wọ́n fọwọ́ kan ikùn, ibi tí wọ́n bá sì fọwọ́ kàn ló ń pọ́n sí i.

"Kò dùn mí níbì kankan!"

"Tí kò bá dùn yín, Màmá, ẹ̀jẹ̀ ta wá ni?" ẹnìkan béèrè.

Ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi. Ṣòkòtò mi pọ́n láti itan dé orúnkún.

Mo ní, "Ọ̀dà ni." Etí mi nìkan ló gbọ́. Wọ́n ti ń yí mi ká. Ní ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo pariwo níwájú èèyàn: "Ọ̀dà ni! Ọ̀dà pupa ni, ó wà lábẹ́ funfun!"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wọlé. Alàgbà kan wá síwájú, ó fi ìka kan aṣọ Màmá Kúlà, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọ̀dà ni lóòótọ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ tutù. "Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni, ọ̀dà ni, pupa ni pupa. Aṣọ yìí ò lè wọlé, Màmá. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Wọ́n mọ̀. Àwọn gan-an ló máa ń lé ẹlòmíràn padà nítorí okùn pupa lára báàgì. Wọ́n wá sùtánà mìíràn wá, ti arábìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó wọ orí, ó dé ọrùn, ó kọ̀. Wọ́n bomi fọ ọwọ́ wọn, omi ń sá fún ọ̀dà. A dúró sẹ́yìn ọgbà, èmi àti Màmá Kúlà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn la ti gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pe ti Màmá Kúlà. Wọ́n tún un pè. Lẹ́yìn náà, wọ́n pe ti ẹlòmíràn.

Mo ń retí èébú. Ká ní wọ́n bú mi ni, ara ì bá tù mí. Wọ́n kàn ní, "Gbé mi lọ sílé." Ní gbogbo ọ̀nà, wọn ò di táńkì mú, wọn ò sì di èmi náà mú.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo rí kúlà funfun lẹ́yìn máṣíìnì ọmọ àbúrò ọkọ wọn. Kò pẹ́ tó fi da odindi kúlà ọbẹ̀ sílẹ̀ lójú títì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ń pariwo, "Màmá mi, olóore mi, iṣẹ́ èṣù ni!" Màmá Kúlà bú u títí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ náà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ó lẹ́nu.

Osaro gan-an yọjú lórí ògiri lọ́jọ́ yẹn, ó wo táńkì náà. "Ah-ah. This paint no be for tank now. Na only ask you for ask me." Ó rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́, bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa ṣe. Gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, Osaro ti fi ẹnu kan sọ ọ́ tán. Àwọn àgbà ní abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn ò sọ ohun tí ojú ń rí kí ẹnu tó là. Èmi fi ìtìjú pa ọ̀rọ̀ mọ́ níbi tó ti lè ṣe mí láǹfààní, mo wá lọ pariwo rẹ̀ níbi tí kò ti wúlò fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọ̀dà náà ti gbẹ báyìí, ó le koko. Àtẹ́lẹwọ́ Màmá Kúlà méjèèjì ló wà lára rẹ̀, pupa lórí funfun, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, pẹ̀lú òrùka ìgbéyàwó wọn tó tẹ̀ síbẹ̀. Mi ò tíì tún un kùn. Máṣíìnì náà ni mo fi ń kó edé lọ sí Ekiosa. Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dúró níwájú àtẹ wa, ó ń wo táńkì náà.

"Sister, this hand fine o. Na which church get am?"

Àǹtí mi ò sí níbẹ̀. Mo wo edé. Lẹ́yìn náà, mo gbójú sókè.

"Na church of people wey no fit ask question," ni mo wí.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú, ó sì ra edé. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Edé àkọ́kọ́ tí mo fi ẹnu ara mi tà nìyẹn, Màmá Kúlà ló sì fi òróró wọn san owó tó pọ̀ jù níbẹ̀.